Ojú ìyàwó di aró nínú fọ́tò mi: ṣé kámẹ́rà ni kí n tà?

Àkànní Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, mo kí yín o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ya fọ́tò. Ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí ni mo mọ̀ dáadáa. Sátidé tó kọjá ni mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá níbí ní Òṣogbo, ìdána láàárọ̀, gbọ̀ngàn lọ́sàn-án. Canon 6D ni mo lò, lẹ́ǹsì 50mm kan, fíláàṣì kan tí mo gbé lé kámẹ́rà lórí. Èmi nìkan ni mo lọ.

Fọ́tò 1,400 ni mo yà. Ìgbà tí mo délé tí mo kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, àyà mi já. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n tàn sí àga ọkọ àti ìyàwó ní gbọ̀ngàn ti ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́: ojú di aró, eyín di aró. Mo fọ̀ ọ́ lórí Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, títí, ó di eérú. Ti ìdána àárọ̀ tún ní tiẹ̀, ojú ìyàwó funfun, ọrùn dúdú. Níbi tí ìyàwó ti ń dé ọkọ ní fìlà, bátìrì ni mò ń pààrọ̀ lọ́wọ́.

Ìyá ìyàwó wá pè mí lánàá. Ó ní nínú gbogbo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun rí ara òun. Nínú ọ̀kan, òun ń jẹ àmàlà. Nínú ìkejì, òun ń bínú sí olóúnjẹ. Wọ́n ní àwọn ò san ₦120,000 tó kù mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta 6D, kí n fi ra kámẹ́rà mirrorless, irú tuntun tí kò ní dígí nínú. ₦400,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Fọ́tò Òkè-Àdó

Àkànní, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Agbe ló ni aró, àlùkò ló ni osùn. Ìyàwó tìrẹ gba tàwọn méjèèjì. Má ta kámẹ́rà. 6D yẹn ni èmi fi jẹun títí di 2021, àbúrò mi ló ń lò ó báyìí.

Jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ iná kúrò lọ́nà ná. Iná LED aláwọ̀ àlùkò, pupa àti búlúù ló ń tú jáde, àwọ̀ ewé kò sí nínú rẹ̀. Àwọ̀ tí kò dé ojú ìyàwó rárá, níbo ni Lightroom ti fẹ́ rí i mú wá? Àfi kí o gbé iná tìrẹ wá, kó borí tiwọn. Èmi máa ń fi fíláàṣì kan sórí ọ̀pá, ọmọ iṣẹ́ mi á máa gbé e tẹ̀lé mi bí ẹni gbé agboòrùn tẹ̀lé ọba. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ló máa ń dúró sí, fíláàṣì náà á ga ju gèlè lọ díẹ̀, a ó sì fi agboòrùn funfun síwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà le. Mo wá ń ṣètò kámẹ́rà sí 1/160 (bó ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé), f/4 (ihò lẹ́ǹsì), ISO 800 (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí). Iná gbọ̀ngàn á lọ sẹ́yìn, á di ọ̀ṣọ́ lásán. Ìwọ, mo lè búra pé 1/60 àti ISO 3200 lo wà. Ìwọ fúnra rẹ lo ṣílẹ̀kùn fún àlùkò. Má sì da fíláàṣì lu òrùlé nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ń bo òrùlé, bí aṣọ bá pupa, pupa ni ìmọ́lẹ̀ máa bá padà wá.

Ojú funfun, ọrùn dúdú: àtíkè nìyẹn. Àwọn àtíkè kan wà tí ojú lásán ò lè rí nǹkan kan lára wọn, àfi bí fíláàṣì bá kọ lù wọ́n gbọnran. Bí aṣaralóge bá ti kun ojú ìyàwó tán, kí wọ́n tó wé gèlè, ya fọ́tò kan pẹ̀lú fíláàṣì, kí o fi hàn án. Ó lè kọ́kọ́ bínú. Ó máa nù ún kúrò.

Bí agbádá funfun bá sì kún inú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, ojú ọkọ á ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ni kí o wọn, má wọn ti aṣọ.

Ṣùgbọ́n fìlà ló dùn mí jù nínú gbogbo èyí tí o kọ.

Ilé fọ́tò bàbá mi wà ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Ọdún 1988 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé àpò. Rólù kan, fọ́tò 36. Ìgbéyàwó kan, rólù méjì. Bí wọ́n bá jẹ́ olówó, mẹ́ta. Èyí tó bá bàjẹ́, owó ti lọ, a ò sì ní mọ̀ títí fíìmù á fi kúrò nínú oògùn ní yàrá òkùnkùn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi á ní kí n ka ètò ìdána sí òun létí bí ẹni ń ka kéú: ta ló ń wọlé ṣáájú, ta ló ń dọ̀bálẹ̀, lẹ́tà, ìbòjú, ẹrù, fìlà, owó orí. Bí mo bá fo ọ̀kan, a óò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìyẹn ò jẹ́ kó yà mí lẹ́nu nígbà tí o ní 1,400. Mélòó nínú wọn lo ti mọ̀ pé o fẹ́ yà kí o tó yà á?

Níbi ìdọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn àga àwọn òbí ìyàwó ni mo máa ń dúró sí, mo á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà lélẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn mo ń dọ̀bálẹ̀ ju ọkọ lọ. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa wà lójú rẹ̀. Ìgbà tí alága bá ní kó tún un ṣe tó sì gbé ojú sókè wo bàbá ìyàwó, òun ni kí o dúró dè. Nígbà tí wọ́n bá ń ka lẹ́tà, ọmọbìnrin tó ń kà á kò nílò ju fọ́tò méjì lọ. Yí padà sí ìyá ọkọ. Nígbà tí bàbá ìyàwó bá ń dá owó orí padà, ọwọ́ ni kí o yà, ọwọ́ méjì àti àpòòwé. Fìlà ńkọ́? Dá kámẹ́rà dúró lóòró, torí gèlè gùn, má gé e lórí. Dúró sí apá ibi tí o ti lè rí ojú ìyàwó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ti bẹ ìyàwó kan rí pé kó bá mi tún fìlà dé. Ó dé e. Ó rẹ́rìn-ín pàápàá. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ ti kúrò lára rẹ̀, oúnjẹ ló ń wò.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, iwájú nìkan lẹ mọ̀. Bàbá mi máa ń dárúkọ J.D. 'Okhai Ojeikere, tó ti ṣiṣẹ́ fọ́tò níbí ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Èkó. Láti 1968 ni ọkùnrin yẹn ti ń ya irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin wa, ẹ̀yìn orí ló sì ti ya púpọ̀ nínú wọn. Bí ìyàwó bá ti jókòó, lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wé gèlè yẹn jí láago mẹ́rin ìdájí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó. N kò ní bá ọ bínú, torí èmi náà jẹ̀bi rẹ̀ rí, tèmi sì burú ju tìrẹ. Ọdún 2009, ìgbéyàwó kan ní Ìṣẹ́yìn. Ìyá àgbà kan jókòó sí tòsí ilẹ̀kùn, ó wọ aṣọ tirẹ̀, kò wọ aṣọ ẹbí. Mo rò pé aládùúgbò ni. Òun ló tọ́ ìyàwó dàgbà láti ọmọ ọdún méjì. Kò pé oṣù mẹ́jọ tó kú, wọ́n sì wá bá mi fún fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe ìwé ìsìnkú. Mo wá gbogbo fáìlì náà fún ọjọ́ méjì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo rí, pẹ̀lú aago ọwọ́, létí fọ́tò tí mo ya fún ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gba iṣẹ́, mo ń lọ sílé ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. N kì í gbé kámẹ́rà dání. Mo kàn ń béèrè pé ta ni kò gbọdọ̀ sọnù. Wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn olówó. Mo á dúró. Lẹ́yìn omi tútù ni wọ́n máa ń rántí àwọn tó kù.

₦400,000 yẹn: fíláàṣì tokunbo kan sí i pẹ̀lú ohun tó ń mú un tàn láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pá, agboòrùn, bátìrì méjì. Fi ìyókù san owó fún ọmọ iṣẹ́. Nítorí ₦120,000, má fi foonu bẹ̀bẹ̀. Lọ sílé wọn, kí o sọ fún ìyá náà pé o fẹ́ wá ya òun àti ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nínú aṣọ ọjọ́ náà. Láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n ti san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí ọjọ́ tó pé, kí ó sì wà lórí ìwé.

Alága Ìjókòó, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Ìyá Fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà kì í wá kí wa. Ẹ máa kàn wọlé, ẹ̀yin àti onífídíò á to síwájú bí ògiri, ìdí yín ni bàbá ìyàwó á máa wò títí ọmọ rẹ̀ á fi jó dé. Àkànní, bí o bá wá bá mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí o ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, mo wà lápá òsì yín o,” mo máa dúró dè ọ́. Kí n tó ní kí ìyàwó mú fìlà, mo máa ń dá orin kan, mo sì lè lọ́ ọ títí. Inú orin yẹn ni kí o ti pààrọ̀ bátìrì.

Ohun mìíràn: fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń náwó lé ìyàwó lórí, fún àwọn tó ni ín nìkan, má gbé e sórí Instagram láti polówó ara rẹ. Òfin Ilé Ìfowópamọ́ Àgbà (CBN) ti 2007 ka fífọ́n náírà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Mo mọ ìdílé kan tí kò bá fọ́tògíráfà wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí irú rẹ̀.

Délé Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ìyá Fọ́tò. London ni mo ti ń ṣe tèmi. Mo fẹ́ ta ko yín níbì kan, ẹ má bínú. Ẹ sọ ọ́ bíi pé fọ́tò gbọ̀ngàn ti kú pátápátá. Àkànní, mú nǹkan bí ọgbọ̀n nínú àwọn tí ojú ti hàn kedere, sọ wọ́n di dúdú-àti-funfun. Aró á lọ, ẹ̀rín á kù. Mo ti fi gba ara mi sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tíì jó ojú náà dànù o.

Tiwa níbí, oòrùn ni ọ̀tá. Nínú oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀. Ìwé ìpè á ní aago méjì, ìyàwó á wọlé láago márùn-ún, wọ́n á sì béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni fọ́tò ìta wà. Ní báyìí, láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí registry ni mo ń ya tìta, pẹ̀lú kóòtù lórí aṣọ òkè. Ìyá kan ní mo fi òtútù pa ọmọ òun. Ó fi fọ́tò náà sára ògiri pálọ̀ rẹ̀ o.

Ìyá Fọ́tò Òkè-Àdó

Délé, o gba ti dúdú-àti-funfun lọ́wọ́ mi. Bí ẹni pé kì í ṣe inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí! Àkànní, ṣe bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n má sọ ti aṣọ òkè di bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra àlàárì, pupa rẹ̀ ló sanwó fún.

Àkànní Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀gbọ́n Délé. Mo ti sọ 34 di dúdú-àti-funfun, ìyàwó ti fi ọ̀kan sí ojú WhatsApp rẹ̀. Mo lọ sílé ìyá rẹ̀ lánàá. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n dúró síta fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wọlé, ó ní òun gbà, kí n wá ní Sunday, òun máa wé gèlè ọjọ́ náà. Ti owó, ó ní ká kọ́kọ́ rí fọ́tò ná. Kí n tó jáde ló ní àbúrò bàbá òun kan tí kò lè rìn máa wà níbẹ̀, wọn ò gbé e wá sí ìgbéyàwó.

Iwájú ilé wọn kọ sí ìlà-oòrùn, igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago mélòó ni kí n dé, mà?

Ìyá Fọ́tò Òkè-Àdó

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Oòrùn á ti bọ́ sẹ́yìn ilé, òjìji á wà níwájú, ojú kò ní fún pọ̀. Má gbé wọn sábẹ́ máńgòrò, ewé á sọ ojú wọn di ewé. Bàbá àgbà yẹn ni kí o kọ́kọ́ yà kó tó rẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wọn wá jókòó yí i ká. Bí wọ́n bá tó ìlà méjì, f/5.6 ni kí o lò kí ojú gbogbo wọn lè mọ́ kedere, má lo f/1.8 tí ẹ̀yin ọmọdé ń fi ṣe fàájì.

Pààrọ̀ bátìrì kí o tó kúrò nílé.