Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó: kí ni kí n máa jẹ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Aláró ni mí níbí ní Òṣogbo, ọmọ ọwọ́ mi ti pé oṣù mẹ́ta. Òòyì ń kọ́ mi. Bí mo bá gbé garawa aró, àyà mi á máa lù kì kì kì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, jẹ́ 27. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú. Ẹ̀rù bà mí, mo pa á tì. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni mo ń pò mu láràárọ̀ báyìí. Owó ń lọ, òòyì kò lọ. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bí àwọn ìbejì. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni mo ń jẹ. Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ rà á ní Ọjà Ọba, kó tó tán lórí àtẹ. Bí owó kò bá ká a, ra ẹja ṣawa.

Bọ̀dá Alágbo: Ẹ gún ewé ugu, kí ẹ fún un sínú mílíìkì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má bínú, Bọ̀dá, mílíìkì yẹn kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù inú ugu dáadáa, áyọ́ọ̀nù yìí ni ara sì fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tíì náà ń dí i lọ́wọ́. Ìyá ọmọ, ẹ mu mílíìkì lákòókò tirẹ̀, ó dára fún egungun. Mọ́ọ̀tì ní tirẹ̀, ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù inú ẹran àti ẹja ni ara máa ń tètè gbà. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́, fítámì C inú ọsàn sì ni. Ẹ jẹ ẹ̀wà tán, ẹ fi ọsàn kan lé e.

Oògùn yẹn ló sọ ìgbẹ́ yín di dúdú, áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tí ara kò gbà ló ń bá a jáde. Ẹ padà sí i lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Oúnjẹ nìkan kò ní tètè gbé 27 sókè. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ń fà bí ọ̀dà tó sì ń rùn kọjá ààlà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára yín, tàbí tí ẹ kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ibà àti aràn náà.

Aláró: Ẹ ṣé gan-an, mà. Oògùn náà ṣì wà lórí àpótí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń bọ̀ ọ́ dáadáa, màá wá fún omi rẹ̀ dànù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Háà, omi yẹn ń gbé fítámì C àti fólíìkì, fítámì mìíràn tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lọ! Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, àdúgbò wo lo wà? Mò ń lọ sọ́jà lọ́la, màá ra ẹ̀dọ̀ tìrẹ mọ́ tèmi.