Mack MP8 tó ń ṣòro jí láàárọ̀, tí kòòdù èéfín sì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: èwo ni kí n kọ́kọ́ tọ́jú?

Ọlọ́kọ̀ Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín. Mo ní tírélà Mack Pinnacle tòkunbọ̀ kan, ti ọdún 2012, tó ń lo ẹ́ńjìnnì MP8, tó sì ń kó ẹrù láti Àpápá wá sí Ìbàdàn. Bí ó bá ti sùn mọ́jú, a óò yí sítátà rẹ̀ títí kó tó jí, yóò sì máa tú èéfín funfun fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kíá ló ń jí. Awakọ̀ mi ní agbára rẹ̀ ti dín kù bó bá ń gun òkè. Rewáyà tó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò bá kòòdù mẹ́ta níbẹ̀ (SPN ń sọ ibi tí àléébù wà, FMI ń sọ irú àléébù tó jẹ́): SPN 3251 FMI 0, SPN 3364 FMI 18 àti SPN 94 FMI 18. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ DPF (fílítà tó ń gba èérí inú èéfín) àti gbogbo ètò DEF (omi yúríà tí wọ́n ń fín sínú èéfín láti dín oró rẹ̀ kù) kúrò nínú brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), pé ìyọnu náà yóò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tó dá lé e kò kéré. Ṣé ètò èéfín ló ń dí ọkọ̀ náà lọ́wọ́ láti jí, àbí ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni?

Mẹkáníìkì Ògèrè:

Ọ̀gá, ẹ má tíì san owó kankan. Nínú kòòdù mẹ́ta yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló kan ọ̀rọ̀ àìtètèjí: SPN 94, tó ń sọ pé préṣọ̀ epo tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́sùlù, tó ń fín epo sínú sìlíńdà, kéré ju bó ṣe yẹ lọ. SPN 3251 ń sọ pé DPF ti dí, nítorí pé ìyàtọ̀ préṣọ̀ iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ̀ jù. SPN 3364 ń sọ pé omi DEF inú tàǹkì kò dára. Ẹ̀yìn ìgbà tí epo bá ti jóná tán ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀. DPF tó bá dí pa lè mú kí ẹ́ńjìnnì kú lẹ́yìn tó bá ti jí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì nígbà tí sítátà ń yí. Fóòtì 12 ni àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lò. Bí ó bá já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 10, brain box lè máa kọ kòòdù sẹ́nsọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe. Bí bátìrì bá dára, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ póńpù àfọwọ́tẹ̀ tó wà lára ilé fílítà títí yóò fi le. Bí ọkọ̀ bá jí wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé epo ń sá padà sí tàǹkì lóru.

Lára MP8, ohun tí mo máa ń fura sí jù ni ife bàbà tí nọ́sùlù jókòó sí. Ẹ́ńjìnnì ti ọdún yẹn kò ní páìpù kọ́mọ́ọ̀nù réèlì, ìyẹn páìpù kan tó ń pín epo fún gbogbo nọ́sùlù. Ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sínú orí ẹ́ńjìnnì ni epo ń gbà dé ọ̀dọ̀ nọ́sùlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ife kan bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà yóò máa fẹ́ sínú epo yẹn, nígbà mìíràn epo á sì tún dàpọ̀ mọ́ omi rádíétọ̀. Ẹ fi rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ sí ọ̀nà tí epo ń gbà wọ póńpù, kí ẹ fi òmíràn sí ọ̀nà tó ń gbà padà sí tàǹkì. Bí ìfóófò bá wà ní ọ̀nà àwọlé, ẹ wá rọ́bà tó sán tàbí ilé fílítà tó ń fa afẹ́fẹ́. Bí ọ̀nà àwọlé bá mọ́, tí ti àpadà sì ń hó, ife ni.

Awakọ̀ Houston:

Ọ̀gá Ògèrè ti sọ ọ́ tán lórí àìtètèjí. Ní ti agbára tó dín kù, òfin èéfín Amẹ́ríkà ti ọdún 2007 ló mú DPF wá, ti ọdún 2010 ló mú DEF wá sínú irú ọkọ̀ yín, òfin náà sì bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá, nítorí inú brain box ló wà. Bí DEF kò bá dára, brain box á mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára kù, ó sì lè dé orí máìlì 5 ní wákàtí kan. Ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni yúríà inú DEF, omi mímọ́ gaara ni ìyókù. Bí ẹnì kan bá ti bu omi kànga là á, ẹ dà á nù, kí ẹ fọ tàǹkì náà.

Ẹ má sì fọ DPF kí ẹ tó tún ọ̀nà epo ṣe. Èéfín funfun yẹn, epo tí kò jóná ni, inú DPF ló sì ń lọ. Ọkọ̀ tó bá ń tò sórí ìlà Àpápá láìpa ẹ́ńjìnnì kò tún ní gbóná tó láti jó èérí inú rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ bá pọ̀ á sì tún dá kún un: dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Rewáyà Mọ́kọ́lá:

Èmi kò ní bú ẹni tó bá yọ DEF kúrò ní Nàìjíríà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ibi tí a ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì la ti ń rí i rà. Ṣùgbọ́n yíyọ ọ́ kò ní fi préṣọ̀ kankan kún epo. SPN 94 yóò ṣì wà níbẹ̀, owó á sì ti lọ.

Ọlọ́kọ̀ Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bátìrì dára. Ọ̀nà àwọlé mọ́, ti àpadà ń hó bí ọṣẹ, òórùn dísẹ́ẹ̀lì sì wà nínú omi rádíétọ̀. Ṣé kí n ra nọ́sùlù tuntun pẹ̀lú ife?

Mẹkáníìkì Ògèrè:

Ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú rọ́bà ìdènà ara nọ́sùlù. Ẹni tó ní irinṣẹ́ tí a fi ń yọ wọ́n ni kí ẹ gbé e fún, nítorí pé ẹni tó bá fi ṣísù yọ ọ́ lè ha orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé nọ́sùlù lọ sórí ẹ̀rọ ìdánwò, èyí tó bá kùnà nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú brain box. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fọ ọ̀nà omi rádíétọ̀, kí wọ́n wá pa kòòdù rẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì jó èérí inú DPF nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìdúró, níbi tí kò sí koríko gbígbẹ tàbí táńkà epo nítòsí. Bí SPN 3251 bá padà wá lẹ́yìn ìyẹn, eérú ló kù nínú rẹ̀. Eérú kì í jó, wọn yóò tú DPF sílẹ̀ láti gbọ̀n ọ́n dànù.