Re: Ratzon lekabel kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n tó fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin inú Kàbálà, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ẹ̀mí àwọn Júù, ránṣẹ́ pé ká bá òun túmọ̀ wọn sí Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá yín ni pé ká pe ratzon lekabel, ìfẹ́ láti gba nǹkan, ní ìmọtara-ẹni-nìkan, masach ní aṣọ ìkélé, kli ní ohun èlò, tzimtzum ní ìfàsẹ́yìn. Mo gba ohun èlò tọwọ́tẹsẹ̀: àti àwo àti irinṣẹ́, kli ni Hébérù ń pè wọ́n, bí ohun èlò náà ṣe kó méjèèjì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni mi ò lè gbà, torí tí a bá ti fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, ìyókù ò ní dúró.

Rábì Yehuda Ashlag, tó kúrò ní Warsaw lọ sí Jerúsálẹ́mù, tó sì kú ní 1954, ló fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kàbálà ṣe ń lò ó lónìí. Lójú tirẹ̀, ratzon lekabel kì í ṣe ìwà burúkú. Òun gan-an ni Ẹlẹ́dàá dá. Òkúta ní in, ewéko ní in, ẹranko ní in, ti ènìyàn ló wá pọ̀ jù. Ìmọtara-ẹni-nìkan ní tiwa, ẹ̀gàn ni. A ò lè fi bá òkúta wí. Ìfẹ́-àtigbà ni mo dábàá. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ibo wá ni ìmọtara-ẹni-nìkan wà? Ó wà nínú kavana, èrò ọkàn tí ènìyàn fi ń gbà. Kéèyàn gbà nítorí ara rẹ̀, al menat lekabel, ìmọtara-ẹni-nìkan nìyẹn. Kó gbà torí kó lè fúnni, al menat lehashpia, àtúnṣe nìyẹn. Ìfẹ́ náà ò dín rárá. Ẹni tí a ń tìtorí rẹ̀ gbà ló yí padà. Ìdí nìyí tí “sísẹ́ ara ẹni” tí ẹlòmíràn mú wá láti inú Bíbélì yóò fi ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Yóò máa gbààwẹ̀, yóò máa fi oorun du ara rẹ̀, títí ìfẹ́ yóò fi kú. Bí ìfẹ́ bá sì kú, kli, tí í ṣe ìfẹ́ náà fúnra rẹ̀, ti fọ́, ìmọ́lẹ̀ Ẹlẹ́dàá ò ríbi wọ̀ mọ́.

Ó ku masach. Iṣẹ́ aṣọ ìkélé ni kó bo nǹkan. Masach kì í bo nǹkan, ṣe ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bí ẹni ń ti oúnjẹ padà. Ẹ wo àkàwé àlejò tí Ashlag fi ń ṣàlàyé. Ebi ń pa àlejò, onílé gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn jù síwájú rẹ̀. Ojú tì í láti jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun ti yó. Gbogbo oúnjẹ náà ló kọ́kọ́ tì padà. Onílé bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́: ayọ̀ òun ni kó jẹun. Ìgbà yẹn ni àlejò wá ń ṣírò. Ká ní òkèlè 10 ló wà nílẹ̀, tó sì mọ̀ pé 2 péré ni òun lè jẹ nítorí ayọ̀ onílé. Tó bá kan ìkẹta, adùn ọbẹ̀ á ti gbàgbé onílé sẹ́yìn. Yóò jẹ 2, yóò fi 8 sílẹ̀. Orúkọ tí Kàbálà fún àwọn ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ nìyí: rosh, orí, ni ìṣírò ti wáyé. Peh, ẹnu, ni masach dúró sí. Òkèlè 2 wọ toch, inú, títí dé tabur, ìdodo. Láti ibẹ̀ lọ ni sof, òpin, tó ṣófo. Ẹni tó bá fi ìkẹta kún un ti padà sí gbígbà nítorí ara rẹ̀. Adámọ́lẹ̀padà ni mo pe masach.

Fún tzimtzum, ìkóra-ẹni-níjàánu ló yẹ, torí kli fúnra rẹ̀ ló pinnu pé òun ò gbà mọ́. Lẹ́nu wa, aláìsàn àti oníṣòwò ni ìfàsẹ́yìn ń bá.

*

Àbúrò, o ṣeun. Ìfẹ́-àtigbà ti wọlé. Adámọ́lẹ̀padà gùn lẹ́nu, àmọ́ ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, mo gbà á. Ìkóra-ẹni-níjàánu, ti Ashlag nìkan ni mo máa fi í fún. Nínú ẹ̀kọ́ Isaac Luria, onímọ̀ Kàbálà ní ìlú Safed, ẹni tó kú ní 1572, ìmọ́lẹ̀ tó kún ibi gbogbo ló fà sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́, tí àyè òfìfo fi wà láàárín. Ibẹ̀ yẹn, ìfàsẹ́yìn ni màá kọ, kí òǹkàwé má bàa rò pé ìwà ni à ń sọ.

Orí tí o pe rosh ń kọ mí lóminú. Yorùbá wo ló máa rí orí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tí kò ní ronú kan ìpín tó yàn wá sáyé? Rosh ò yan ìpín fún ẹnikẹ́ni. Ó ń wọn agbára masach ni. Jẹ́ ká kọ ọ́ ní orí-ìṣírò.

Ọ̀rọ̀ méjì tún kù tí a ò tíì fọwọ́ kàn. Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àti òfin àwọn Júù, ní Pesachim 50b, ní kí ènìyàn máa kọ́ Torah, Òfin Mósè, kódà bó jẹ́ lo lishma, torí láti ibẹ̀ ni yóò ti dé lishma. “Nítorí orúkọ rẹ̀” ni lishma, èyí ò ṣòro. Lo lishma, òdìkejì rẹ̀, ńkọ́? “Nítorí èrè” ni mo ní lọ́wọ́, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó ń kọ́ Torah kí wọ́n lè máa yẹ́ ẹ sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí lẹ máa pè é?