Sàláàdì adìẹ tí ò wúwo tó sì ní pùròtéènì dáadáa: tèmi ń domi, ẹ gbà mí o

Ìyá Kékeré:
Ẹ kú ọ̀sán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín.

Ooru ti dé, mi ò sì fẹ́ máa dúró nídìí iná lọ́sàn-án mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí n se adìẹ lẹ́ẹ̀kan, kí n fi ṣe sàláàdì, kí n gbé e sínú fíríìjì, kí n sì máa bù ú lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Tẹ́lẹ̀, máyónéèsì ni mo máa ń lò, ó dùn, mi ò ní parọ́, àmọ́ tí mo bá ti jẹ ẹ́ tán oorun ló kàn, ara mi á wúwo, mi ò ní lè ṣe nǹkan gidi kan mọ́ títí dìrọ̀lẹ́. Mo wá ka ara ìgò ẹ̀ lọ́jọ́ kan, àṣé ṣíbí ìjẹun kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 100, ọ̀rá sì ni gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣíbí mẹ́fà, méje ni mò ń bù sí abọ́ kan.

Ni mo bá ní ó tán, yúgọ́ọ̀tì ló kù. Mo se àyà adìẹ méjì, mo gé e wẹ́wẹ́, mo gé kùkúmbà àti tòmátò sí i, mo da ife yúgọ́ọ̀tì kan lé e lórí, mo pò ó pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó dára. Ìgbà tí mo ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, omi funfun ló dúró nísàlẹ̀ ike, kùkúmbà ti rọ̀, ó kan, adìẹ fúnra ẹ̀ gbẹ débi pé ó ń há sí mi léyín. Mo jẹ ẹ́ torí mi ò fẹ́ da oúnjẹ nù, àmọ́ kí agogo mẹ́ta tó lù ebi ti tún ń pa mí.

Kí ni mo lè lò dípò máyónéèsì tí ò ní domi, báwo lẹ ṣe ń se àyà adìẹ tí kì í fi í gbẹ, kí ni mo sì lè fi kún un kó lè gbé mi dé ìrọ̀lẹ́? Ẹ má ṣe ní kí n máa jẹ ewé nìkan o, ewé nìkan ò lè gbé mi.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Kékeré. Yúgọ́ọ̀tì ò ṣẹ̀ yín, irú èyí tẹ́ ẹ lò ni. Èyí tó ń ṣàn tí wọ́n máa ń mu nínú ife, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀. Èyí tó ki lẹ máa rà, tí wọ́n ń pè ní Greek yogurt, kẹ́ ẹ sì wo ara ẹ̀ dáadáa kó má lọ jẹ́ oníṣúgà. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ tẹ́ inú asẹ́, ẹ gbé asẹ́ lé abọ́, ẹ da yúgọ́ọ̀tì lásán yẹn sí i, ẹ bò ó, kó wà nínú fíríìjì mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́ ẹ ó rí omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nísàlẹ̀ abọ́, èyí tó kù nínú aṣọ á sì ki débi pé ṣíbí á dá dúró nínú ẹ̀.

Kùkúmbà náà dá kún un. Ẹ là á sí méjì ní gígùn, ẹ fi ṣíbí tíì ha kóró àárín ẹ̀ dànù, torí ibẹ̀ lomi ń gbé. Kẹ́ ẹ wá gé e, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ pa á lára, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kẹ́ ẹ fọwọ́ fún un. Ẹnu á yà yín tẹ́ ẹ bá rí omi tó máa jáde. Tòmátò ní tiẹ̀, ẹ má fi sí i rárá, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun ni kẹ́ ẹ gé e lé e lórí.

Ọmọ Alásè:
Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ pátá ni mo fọwọ́ sí, àmọ́ mi ò gbà pé kẹ́ ẹ lé máyónéèsì jáde nílé. Yúgọ́ọ̀tì nìkan máa ń tẹ́ lẹ́nu, ó sì máa ń kan. Ọ̀rá díẹ̀ ló máa ń gbé adùn àwọn nǹkan yòókù wá sí ọ̀fun.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí: yúgọ́ọ̀tì tó ki bíi gíráàmù 200, máyónéèsì ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo, mọ́sítáàdì ṣíbí tíì kan, omi ààbọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù, ata dúdú lílọ̀. Mo máa ń rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, màá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn fún ìṣẹ́jú 10 kí oró ẹ̀ lè lọ, kó má bàa máa rùn lẹ́nu yín níbi iṣẹ́. Ṣíbí máyónéèsì kan yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sí abọ́ mẹ́rin, kálórì bíi 25 ló kan abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò lè kun yín lóorun láé.

Ẹ sì jẹ́ kí adìẹ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó pò ó. Tẹ́ ẹ bá da yúgọ́ọ̀tì lé adìẹ tó ṣì gbóná, ó máa já ni, ẹ ó sì tún rí omi.

Ìyá Ìbejì:
@Ọmọ Alásè, ti adìẹ gbígbóná yẹn, mo gbàgbé ẹ̀ ni, ẹ ṣé. Ti máyónéèsì, èmi ò kì í fi sí tèmi, àmọ́ ẹnu ò jọra.

Bọ̀dá Eléré-Ìdárayá:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí, mo fẹ́ bi yín léèrè kan kí n tó sọ tèmi. Àyà adìẹ méjì tẹ́ ẹ sè yẹn, abọ́ mélòó lẹ pín in sí?

Ìyá Kékeré:
Márùn-ún. Ti Mọ́ńdè dé Fúráìdè.

Bọ̀dá Eléré-Ìdárayá:
Ebi tó ń pa yín, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àyà adìẹ tí wọ́n ti bó awọ ẹ̀, tó ti jinná, gíráàmù 100 ẹ̀ máa ń ní pùròtéènì bíi gíráàmù 31, kálórì bíi 165. Àyà méjì tẹ́ ẹ sè, ká ní ó jẹ́ gíráàmù 300 lẹ́yìn tó jinná, tẹ́ ẹ bá ti pín in sọ́nà márùn-ún, gíráàmù 60 ló wà nínú abọ́ kan, ìyẹn ò ju pùròtéènì gíráàmù 18, 19 lọ. Kùkúmbà àti omi ló kù tẹ́ ẹ jẹ, kò sì yẹ kó gbé yín dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí adìẹ inú abọ́ kan tó gíráàmù 100, ó kéré tán. Yúgọ́ọ̀tì tó ki tí ò lọ́ràá, gíráàmù 50 á fi bíi 5 kún un, ẹyin sísè kan á fi 6 kún un, ẹ ti dé 42 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́, ẹ bu chickpea, irú ẹ̀wà kan báyìí, tó ti jinná sí i, èyí tó wà nínú agolo náà dáa, ẹ ṣáà fi omi ṣàn án dáadáa kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Gíráàmù 100 ẹ̀ ní pùròtéènì bíi 9, ó sì ní fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí kì í tètè dà nínú, ìyẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò nílé ìdáná, ojú máa ń tan èèyàn jẹ gan-an lórí ẹran.

Ìyá Kékeré:
Ah! Bọ̀dá, ẹ ṣeun gan-an ni. Gbogbo bí mo ṣe ń rò ó, yúgọ́ọ̀tì ni mò ń dá lẹ́bi, mi ò rò ó rárá pé adìẹ ló kéré.

Màmá Àgbà:
Ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ ti sọ̀rọ̀ yúgọ́ọ̀tì tán, kò sẹ́ni tó dá ọmọ yìí lóhùn lórí adìẹ tó gbẹ. Báwo lo ṣe sè é, àti ìṣẹ́jú mélòó?

Ìyá Kékeré:
Màmá, ẹ kú ọjọ́ o mà. Mo gbé omi kaná, nígbà tó hó mo sọ adìẹ sí i, mo fi í sílẹ̀ lórí iná ńlá fún bí ìṣẹ́jú 40, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kù ní tútù.

Màmá Àgbà:
Ó yé mi. Àyà adìẹ ò lọ́ràá, tí iná bá ti pọ̀ fún un, ńṣe ló máa ń fún omi ara ẹ̀ jáde bí ìgbà téèyàn fún aṣọ. Bí wàá ṣe ṣe é nìyí. Tí apá kan bá nípọn ju apá kejì lọ, fi ọ̀pá ìyí ìyẹ̀fun lù ú díẹ̀ kó lè dọ́gba. Tò ó sínú ìkòkò, má jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, da omi tútù sí i kó fi bí ìka méjì bò ó mọ́lẹ̀, fi iyọ̀ sí i, là àlùbọ́sà kan sí i, ewé olóòórùn dídùn tó o bá ní. Tan iná, má jẹ́ kó pọ̀. Dúró tì í. Tó o bá ti rí i tí omi ń mí, tí ìfófòó kéékèèké ń yọ létí ìkòkò, rẹ iná náà sílẹ̀, kò gbọdọ̀ hó kùtùkùtù. Fún un ní ìṣẹ́jú 12 sí 15, pa iná, dé e, jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí i. Tó bá tóbi gan-an, á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ yẹn, ra irin tí wọ́n fi ń wọn ooru ẹran, tì í bọ ibi tó nípọn jù, tó bá ti pé 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti jinná. O ò tún ní máa méfò mọ́.

Yọ ọ́, jẹ́ kó tutù débi tọ́wọ́ ẹ lè gbà á, má fi ọ̀bẹ gé e, ọwọ́ ni kó o fi fà á ya, tẹ̀ lé bí ẹran ṣe là. Kó o wá bu omi tó o fi sè é, ṣíbí méjì péré, wọ́n ọn lé e lórí. Wàá rí i tí ẹran á fà á mu lójú ẹ níbẹ̀. Sọ ìyókù omi yẹn lọ́jọ̀, má dà á nù.

Ọmọ Alásè:
Màmá, ẹ ṣé o. Ṣíbí méjì tẹ́ ẹ ní ká wọ́n lé e yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ rí, màá gbìyànjú ẹ̀ lónìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti ìlera, torí ooru yìí ló ń kọ mí lóminú. Mo rí i tí Ìyá Kékeré kọ Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ó ti pẹ́ jù. Adìẹ tó ti jinná, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó lò nínú fíríìjì, fíríìjì náà kò sì gbọdọ̀ gbóná ju 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tẹ́ ẹ bá sè é lálẹ́ Sọ́ńdè, kó tán ní Wẹ́sìdè, tó bá pẹ́ jù Tọ́sìdè. Ẹ lè se ti ọjọ́ yòókù láàárín ọ̀sẹ̀.

Kò gbọdọ̀ wà níta fíríìjì ju wákàtí méjì lọ, tójú ọjọ́ bá sì ti gbóná ju 32 lọ, wákàtí kan péré ni. Níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé fíríìjì wà? Tí ò bá sí, ẹ ra báàgì tó ń pa òtútù mọ́, kẹ́ ẹ fi yìnyín tó wà nínú ọ̀rá sí i lábẹ́ àti lókè. Ẹ má sì máa fọ adìẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, omi tó ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún máa ń gbé kòkòrò àìsàn lọ sára abọ́ àti ewé tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ní tútù. Iná ló ń pa kòkòrò yẹn. Pákó tẹ́ ẹ fi gé ẹran tútù, kẹ́ ẹ má fi gé kùkúmbà.

Ọ̀rẹ́ Ewébẹ̀:
Píà ńkọ́ o? Mo rò pé ó lè rọ́pò máyónéèsì.

Bọ̀dá Eléré-Ìdárayá:
Ó lè rọ́pò ẹ̀, ọ̀rá tó dáa ló ní, àmọ́ ọ̀rá náà ni, gíráàmù 100 ẹ̀ máa ń tó kálórì 160, pùròtéènì inú ẹ̀ kéré. Ó sì máa ń dúdú tó bá sùn. Àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ gé ìdajì ẹ̀ sí i.

Ìyá Kékeré:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Mo se adìẹ lálẹ́ Sọ́ńdè bí Màmá ṣe ní kí n sè é, mo dúró ti ìkòkò yẹn, mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo fà á ya, omi wà nínú ẹ̀, ó ń dán, mo tiẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ lórí ìdúró. Mo wọn gíráàmù 110 sí abọ́ kọ̀ọ̀kan, abọ́ mẹ́ta péré, ẹyin kọ̀ọ̀kan, chickpea ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ṣe yúgọ́ọ̀tì bí Ọmọ Alásè ṣe là á sílẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí máyónéèsì kan náà. Yúgọ́ọ̀tì tí mo fi aṣọ sẹ́ yẹn, ó ti pẹ́ jù nínú aṣọ, ó ki bíi wàrà tó ti dì, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni mo fi tú u. Kùkúmbà, mo fún un, omi ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife tíì.

Ọ̀sán òní ni mo jẹ abọ́ kẹta. Mo yí ike ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó jẹ ẹ́ kí n lè rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò sí omi níbẹ̀. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù báyìí, ebi ò tíì pa mí. Fíríìjì wà níbi iṣẹ́ wa o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo tètè ń gbé e síbẹ̀ ni.

Màmá, omi adìẹ yẹn kún ike kan, ó wà nínú yìnyín. Kí ni kí n fi ṣe?

Màmá Àgbà:
O ṣeun ọmọ mi. Fi se ìrẹsì lọ́jọ́ tí ooru bá rọlẹ̀ díẹ̀, dín iyọ̀ kù torí iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀. Tó o bá sì tún fẹ́ se adìẹ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ni kó o fi sè é, á tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.