"Abẹ́rẹ́ oníná" kò tó: orúkọ fún irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dá ògiri àárín ọkàn lu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ dá àbá orúkọ mẹ́ta yìí: "gígún ọkàn lábẹ́rẹ́" fún iṣẹ́ tí dókítà fi ń dá ògiri tó pín ọkàn sí ọ̀tún àti òsì lu, "abẹ́rẹ́ lásán" fún abẹ́rẹ́ ti àtijọ́, "abẹ́rẹ́ oníná" fún èyí tó ń lo ìgbì rédíò. Ó yẹ kí iṣẹ́ yìí ní orúkọ lédè wa lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Bí irinṣẹ́ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á.

Ibi tí dókítà ń lọ ni ìyẹ̀wù òkè tó wà lápá òsì ọkàn. (Òsì aláìsàn là ń wí, lójú ẹni tó ń wo x-ray, ọwọ́ ọ̀tún ló máa bọ́ sí.) Ó lè fẹ́ jó ibi tó ń mú kí ọkàn lù ségesège, ó lè fẹ́ dí àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ ìyẹ̀wù náà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sí, ó sì lè jẹ́ fáàfù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ tún ṣe. Òpójẹ̀ itan ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé. Wáyà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.032 íǹṣì á kọ́kọ́ gòkè, á la ìyẹ̀wù ọ̀tún kọjá dé òpójẹ̀ ńlá òkè. Àkọ̀ (ọ̀pá ike oníhò tí irinṣẹ́ ń gba inú rẹ̀) á gba orí wáyà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú afẹ̀hò, ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tó ní ihò, nínú rẹ̀. Wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ inú afẹ̀hò, ṣùgbọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ ò ní tíì yọ síta. Gbogbo rẹ̀ á wá máa sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn, tí a fi iwájú àyà rẹ̀ ṣe aago méjìlá, ọfà ara ìdìmú abẹ́rẹ́ máa ń kọjú sí nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹnu irinṣẹ́ á ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń jábọ́ sínú ìyẹ̀wù ọ̀tún, á tún ta pọ́ún nígbà tó bá bọ́ sí ibi tínrín tó wà lára ògiri àárín. Ibi tínrín yẹn ni wọ́n ń dá lu.

"Àkọ̀" kò lè fa àríyànjiyàn, nítorí ohun tí à ń ti nǹkan mímú bọ̀ ni àkọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. "Afẹ̀hò" náà sọ iṣẹ́ ara rẹ̀: ohun tó ń mú kí ihò fẹ̀. Ẹnì kan ti pe ibi tínrín náà ní "àwùjẹ̀ ọkàn", mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àwùjẹ̀ orí ọmọ máa ń di egungun níkẹyìn, nígbà tí èyí ń jẹ́ awọ títí ọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ, tó sì pa dé lẹ́yìn náà, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà orúkọ yẹn bá a mu ju "kòtò" lọ.

Ó wá kan "gígún lábẹ́rẹ́". Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, oògùn ló fẹ́ fi sí onítọ̀hún lára. Aláìsàn tó bá ka "gígún ọkàn lábẹ́rẹ́" nínú ìwé ìyọ̀ǹda á rò pé wọ́n fẹ́ da oògùn sínú ọkàn òun. Ọ̀nà ni abẹ́rẹ́ yìí ń là ní tirẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé "gún" ń sọ fún wa pé agbára ọwọ́ àti ẹnu mímú ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni àbájáde: ògiri náà lu. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká pe iṣẹ́ náà ní "ìdálu ògiri àárín ọkàn", "ìdálu" ní kúkúrú.

Abẹ́rẹ́ àtijọ́ kọ́ ni "abẹ́rẹ́ lásán". Ọdún 1959 ni dókítà John Ross gbé ọ̀nà yìí jáde ní Amẹ́ríkà, Brockenbrough àti Braunwald sì tún abẹ́rẹ́ náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Títí di òní orúkọ Brockenbrough ni wọ́n ń fi pè é. Ti àgbàlagbà gùn tó 71 cm, ara rẹ̀ jẹ́ géèjì 18, ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ sí géèjì 21 (bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni abẹ́rẹ́ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i). Ó tẹ̀ kọrọdọ níwájú, kí ó lè kọjú sí ògiri. Dókítà á tì í títí ògiri á fi yọ gọngọ sí apá òsì, á sì lu. Bí àwùjẹ̀ náà bá rọra lu, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ògiri tó nípọn, tàbí èyí tí iṣẹ́ abẹ ti fi àpá sí, kì í tètè lu. Èyí tó rọ̀ jù sì máa ń yọ gọngọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri òdìkejì. Nígbà tó bá wá lu lójijì, abẹ́rẹ́ á fò síwájú, á sì dá ògiri ẹ̀yìn lu. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú àpò tó yí ọkàn ká, á fún ọkàn mọ́lẹ̀ débi pé kò ní lè fẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Èmi á pe abẹ́rẹ́ yìí ní "abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó", torí ẹnu ṣóńṣó yẹn ni àǹfààní rẹ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀.

Ó tún yẹ kí a ní ọ̀rọ̀ fún lílu tí a kò fẹ́. Bí ìròyìn dókítà bá kọ "ìdálu" fún méjèèjì, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ìjàǹbá? Bí a ṣe ní àṣìsọ àti àṣìgbọ́, ẹ jẹ́ ká ní "àṣìlu". Àṣìlu tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni ti aorta, òpójẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọkàn, tó wà níwájú àwùjẹ̀ náà gan-an. Ìfúnpá tí wọ́n ń kà láti ẹnu abẹ́rẹ́ ló máa ń tú u fó: ti ìyẹ̀wù òsì máa ń wà láàárín 6 sí 12 mmHg, nígbà tí ti aorta ń lọ sókè bíi 120, tí ó ń sọ̀ sí 80. Bó bá jẹ́ aorta ni wọ́n rí, wọn ò gbọ́dọ̀ ti afẹ̀hò tẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Ihò abẹ́rẹ́ nìkan sábà máa ń pa ara rẹ̀ dé. Ti afẹ̀hò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ oníná" ló dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ yẹn lè bá mu nínú yàrá kan náà. Èkíní ni abẹ́rẹ́ ìgbì rédíò fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ rí róbótó, ó sì dí. Ẹ̀gbẹ́ ni ihò rẹ̀ wà. Kò lè gún nǹkan kan bí wọn ò bá tan án. Bí wọ́n bá tan án fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, pẹ̀lú agbára tí kò ju nǹkan bíi wáàtì 10 lọ, omi tó wà nínú ẹran ara tí ẹnu rẹ̀ kàn á hó lọ́gán, ojú ibẹ̀ á sì ṣí láìsí pé wọ́n tì í lágbára. Èkejì ni pé àwọn dókítà kan máa ń fi kálámù ìjóná iṣẹ́ abẹ kan ìdí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí iná lè dé ẹnu rẹ̀. Ihò ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn ṣí sílẹ̀, ó sì lè gé ẹran ara jáde bí èèpo kékeré. Ẹ̀kẹta ni kátítà (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ tí wọ́n ń gba òpójẹ̀ tì wọ inú ọkàn) tó ń jó ibi ségesège lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé tán, èyí tó sábà máa ń lo wáàtì 30 sí 50 láti pa ẹran ara. Ẹni tó bá kọ "oníná" kò tíì sọ èyí tó ń wí. Mo dá a lábàá pé kí èkíní jẹ́ "abẹ́rẹ́ onígbì", kí èkejì jẹ́ "abẹ́rẹ́ ṣóńṣó afikálámùjó" (mo mọ̀ pé ó gùn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí wọ́n pa pọ̀ ni), kí a sì fi "kátítà ajóni" sílẹ̀ fún ẹ̀kẹta.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2013 lórí aláìsàn 72, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó kùnà láti kọjá lára 10 nínú 36. Onígbì kò kùnà lára ẹnì kankan nínú 36 tirẹ̀. Wọ́n sì rí ike wẹ́wẹ́ lẹ́yìn lílo ti ṣóńṣó nígbà 12, wọn ò rí i rárá pẹ̀lú onígbì.

Àwọn kan ti pe ike wẹ́wẹ́ yẹn ní "ìdọ̀tí". Rárá o. Ìdọ̀tí á jẹ́ kí a rò pé ẹnì kan ò fọwọ́. Ẹnu mímú ló ń ha inú afẹ̀hò bó ṣe ń kọjá níbi tó ti tẹ̀, torí náà "èérún ike" ló yẹ ẹ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sínú abẹ́rẹ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu afẹ̀hò máa ń dín in kù. Wọ́n á yọ ọ̀pá náà, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi omi iyọ̀ ṣan án. Èérún, afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá dé ìyẹ̀wù òsì lè gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ, kí ó di rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní hẹ́párìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, títí àkókò dídì ẹ̀jẹ̀ á fi ju ìṣẹ́jú àáyá 300 lọ.

Ó ku wáyà. Ọ̀kan wà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.014 íǹṣì, tó ń gba inú abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹnu rẹ̀ mú nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gbé e dúró, ṣùgbọ́n gbàrà tó bá ti kọjá ògiri ló máa ń ká bí ìwọ̀, tí kò fi ní lè gún ògiri òdìkejì. "Wáyà akákò" ni mo pè é. Òmíràn ń lo ìgbì rédíò ní ẹnu, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.035 íǹṣì: "wáyà onígbì". Òun ló ń ṣamọ̀nà àkọ̀ gòkè, òun ló ń dá ògiri lu, òun náà sì ni afẹ̀hò ń gbà wọlé, láìsí pé wọ́n ń yọ ọ̀kan fi òmíràn sí i. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan nínú iṣẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ wá sọ fún mi bí a ṣe máa pè é ní "gígún lábẹ́rẹ́".