Jẹnẹrétọ̀ mi ń mu epo bí ẹni pé gbogbo ilé ló ń gbé

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Jẹnẹrétọ̀ 2,500 watt ni mo ní. Lálẹ́, gílóòbù mẹ́ta, fáànù kan àti kọ̀ǹpútà ni mo máa ń fi sí i, kò tó 200 watt. Síbẹ̀, bó ṣe ń ké náà ló ń ké. Mo tú skúrù gófánọ̀, ìyẹn ohun tó ń darí eré ínjìnnì, díẹ̀ kí ínjìnnì lè rọra sáré. Iná ṣókùnkùn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kí ni kí n ṣe?

Atúnnáṣe
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá skúrù yẹn padà lálẹ́ òní. Eré ínjìnnì ló ń pinnu Hertz irú tiyín, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ olópòó méjì (òpó mágínẹ́ẹ̀tì méjì), ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó rí 50 Hertz. Ẹ fà á sí 2,400, 40 Hertz lẹ ó rí, mọ́tọ̀ fírísà lè jó. Gílóòbù kan ni o, odidi ilé ni o, 3,000 náà ni, epo á sì máa lọ lórí kí ínjìnnì ṣáà máa yí.

Jẹnẹrétọ̀ oníinverter yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ iná rẹ̀ di DC (iná tó ń lọ síbì kan ṣoṣo), kápasítọ̀ á gbà á mọ́ra, lẹ́yìn náà ni àwọn transistor á máa tàn án, á máa pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí á fi jáde bí 50 Hertz. Eré ínjìnnì ò kan Hertz mọ́! Torí náà, bí ẹrù (ohun tó ń lo iná) bá fúyẹ́, ínjìnnì lè rọra sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya ìrísí iná) wò ó, mo ń gbé ẹrù lé e, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ohùn ínjìnnì ń ròkè, ó ń rọlẹ̀, ìlà iná dúró gbọin. N kò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ bí ẹrù bá wúwo ní gbogbo ìgbà, èrè rẹ̀ kéré, torí ínjìnnì á ṣáà máa sáré ni. Bọ́ọ̀dù inverter inú jẹnẹrétọ̀ temi náà jó lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti da rẹ́sìn bò ó, kò ṣe é tú, odidi ni mo pààrọ̀.

Ìbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti dá skúrù padà. Ṣé mo lè máa fi ti àtijọ́ yìí gba agbára sí bátìrì ní ọ̀sán, kí n pa á lálẹ́?

Atúnnáṣe
Ẹ lè ṣe é. Ẹ ra ṣájà tó lágbára, kí ẹrù ara ínjìnnì tó nǹkan fún wákàtí tó bá fi ṣiṣẹ́, kí bátìrì àti inverter kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé sì gba alẹ́. Èmi náà ń ṣe é nílé.