Fóònù tuntun ń lọ bá Màmá ní Ìkòròdú: kí ni ká fi sórí rẹ̀?

Ọmọ Ìkòròdú, London:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kíákíá. Ẹnì kan pe màmá mi ní àárọ̀ yìí nígbà tí wọ́n wà ní ìsọ̀ wọn ní Sábó, ó pe ara rẹ̀ ní akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ fi orúkọ wọn kún àwọn tí yóò máa ṣe ìpàdé lórí WhatsApp, àti pé kí wọ́n bá òun ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn. Màmá kà á fún un. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ẹbí wa ní Ìgbógbó àti Ìjẹdẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti orí nọ́ńbà Màmá pé wọ́n wà ní ọsibítù, wọ́n sì ń tọrọ owó. Àbúrò mi yóò wọ bàálù lọ sílé ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, fóònù tuntun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wọn. Màmá ti pé ẹni ọdún 74, wọn kì í fẹ́ ka ìwé púpọ̀ lójú fóònù. Àwọn áàpù wo ni kí n fi sórí rẹ̀, èwo sì ni kí n yọ kúrò?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Fóònù tuntun lè dúró ná. Nọ́ńbà Màmá ni kí o kọ́kọ́ gbà padà. Ní kí ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ wọn mú fóònù tí síìmù wọn wà nínú rẹ̀, kí ó ṣí WhatsApp, kí ó tún nọ́ńbà náà forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun. Nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn yóò wọlé, bí wọ́n bá sì ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, olè náà ti jáde nìyẹn. Bó bá wá ń béèrè píìnì tí Màmá kò mọ̀, ó jẹ́ pé olè ti fi píìnì tirẹ̀ sí i, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè wọlé láìlo píìnì yẹn, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè lò ó mọ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kí ẹ sì pe ẹbí lẹ́nu, ẹ má kọ̀wé sí wọn, torí pé ohùn yín ni wọ́n fi máa mọ̀ pé kì í ṣe olè ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìkòròdú, London:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Odògúnyàn ti sáré lọ bá wọn, ó ti wọlé padà, kò sì béèrè píìnì kankan. Ara Màmá ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ fóònù kankan mọ́.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, Toronto:
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹ tètè bá a. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹ má baà tọ ọ̀nà yẹn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà rò ó pé, kí olè má baà rí nọ́ńbà kankan gbà lẹ́nu Bàbá, nọ́ńbà Kánádà ni kí a fi forúkọ WhatsApp wọn sílẹ̀, kí síìmù rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ òun níbí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, kò fi owó sórí síìmù yẹn mọ́, ilé iṣẹ́ tó ni ín gba nọ́ńbà náà padà, wọ́n fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì fi ṣí WhatsApp tirẹ̀. Bàbá jí lọ́jọ́ kan, wọn kò lè wọ inú ẹgbẹ́ kankan mọ́. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n nu ojú fóònù náà, wọ́n dá a padà sínú páálí rẹ̀, wọ́n ní bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn, wọ́n mọ ọ̀nà ilé. Owó fóònù kò dùn wá tó ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Èrò ẹ̀gbọ́n yín kò burú, síìmù tí wọn kò fi owó sí ló bà á jẹ́. Nílé náà, bí ènìyàn kò bá fi síìmù pe ẹnikẹ́ni tàbí kí ó ra dátà sórí rẹ̀ fún oṣù 6, wọ́n lè gé e.

Ọmọ Àgbádárìgì, Dublin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú, n kò gbà. Nọ́ńbà òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òbí fúnra rẹ̀, èyí tí NIN wọn wà lórí rẹ̀, tí ọjà àti ìjọ sì fi mọ̀ wọ́n. Ohun tó ń dènà olè wà nínú WhatsApp: ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ fi píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà sí i, kí ẹ sì fi ímeèlì ọmọ kan tì í. Bí Màmá tilẹ̀ ka nọ́ńbà tó wọlé fún gbogbo ayé, ẹni tó gbọ́ ọ kò lè wọlé láìsí píìnì yẹn. WhatsApp a máa béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n á rántí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kí wọ́n sì mọ̀ pé a kì í kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ì báà jẹ́ ohùn ọmọ wọn ni wọ́n ń gbọ́. Nínú Privacy, ẹ ṣe é kí ó jẹ́ pé àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù nìkan ló lè fà wọ́n wọ ẹgbẹ́.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Bí wọ́n bá wá ka píìnì náà ńkọ́? Èmi so WhatsApp màmá mi mọ́ kọ̀ǹpútà mi níbí, nínú Linked devices, mo sì máa ń rí ọ̀rọ̀ olè kí ó tó ṣe ọṣẹ́.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, Toronto:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí Màmá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn sọ náà ni ẹ ń kà yẹn. Ìyá tó tọ́ni dàgbà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀, bí ọmọ kò bá sì gba àṣẹ, kò yẹ kí ó ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Mo gba àṣẹ, mo sì tún sọ ọ́ létí àwọn àbúrò wọn. Ààbò wọn ló jẹ mí lógún.

Ọmọ Ìkòròdú, London:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà mi, áàpù ńkọ́?

Ọmọ Àgbádárìgì, Dublin:
WhatsApp, Bíbélì tó ń kà síta ní Yorùbá, àti rédíò tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Rédíò yẹn kì í jẹ dátà, ṣùgbọ́n kí àbúrò yín mú gbohùngbohùn etí olókùn dání, nítorí pé okùn rẹ̀ ni fóònù fi ń mú afẹ́fẹ́ rédíò. Ẹ wá Bond FM 92.9 sílẹ̀ de Màmá. Kí ó tún wo inú Settings bó bá ní Easy mode, bíi ti Samsung. Yóò sọ àwòrán áàpù di ńlá, kò sì ní jẹ́ kí nǹkan yí padà kíákíá bí ìka bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ìka àwọn àgbà máa ń pẹ́ lójú fóònù, áàpù á ṣí nípò, wọ́n á ní ó ti sọnù. Nínú Settings, ẹ ti ètò àwọn áàpù ojú fóònù pa, kí wọ́n má lè kúrò nípò mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú WhatsApp, ẹ fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ojú fóònù pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ojú ọmọ ni Màmá yóò tẹ̀, láìka ohunkóhun.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, Toronto:
Kí ẹ má fi áàpù báńkì síbẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìkòròdú, London:
Ẹ̀gbọ́n, Màmá ń tajà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ni kì í mú owó lọ́wọ́ mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i pé owó wọlé kí ọjà tó kúrò ní ìsọ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni kí síìmù báńkì wà nínú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ owó á máa wọlé síbẹ̀, WhatsApp á wà lórí ńlá pẹ̀lú síìmù mìíràn. Bí olè bá gba ti ńlá, kò dé ibi owó.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, Toronto:
Ẹni tó ń sá kiri nínú ọjà yóò wá gbé fóònù méjì? Ọ̀kan á bọ́ sọnù.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Màmá mi ń gbé e sínú àpò abẹ́ ìró. Kò tíì bọ́.

Ọmọ Àgbádárìgì, Dublin:
Ẹ rántí fi aago tó ń fi àkókò ìlú méjì hàn sójú fóònù. Bàbá mi kì í pè mí lóru láti ìgbà tí a ti ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀yin ará London àti Dublin kò mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ẹ̀yin àti ilé kì í jìnnà síra ju wákàtí kan lọ, àwa ará Houston sì ń fi wákàtí 6 tàbí 7 wà lẹ́yìn. Bí ìyá mi bá jí gbàdúrà ní ìdájí, ìgbà tí mo fẹ́ sùn ni.

Ọmọ Ìkòròdú, London:
Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé kí ẹ kó wá sí London.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, Toronto:
Kí a máa wá jẹ ẹja inú yìnyín pẹ̀lú yín? Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó àbúrò mi pè mí láti ọjà Olúwo, ó yí kámẹ́rà sí àwọn tó ń ta ẹja, ó ní kí n yan èyí tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ fún Bàbá. Mo rí ọ̀bọ̀kún tó ṣì ń mí, omi ń ta sójú kámẹ́rà, ìyá ẹlẹ́ja kan sì ń béèrè pé ta ni Òyìnbó tó ń náwó láìrí ọjà. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ wá gbà pé Ẹ̀pẹ́ ló ni ẹja.

Ọmọ Àgbádárìgì, Dublin:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ẹja, àwa ní àgbọn. Bàbá mi kì í lè mú fóònù jìnnà sí ojú; bí a bá ń rí ara wa lórí fóònù, etí wọn ni mo máa ń rí, lẹ́yìn etí náà ni ọ̀sà àti igi àgbọn ti Marina. N kì í sọ fún wọn kí wọ́n yí i. Ọdún yìí náà ni mo fẹ́ lọ rí wọn.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Kí Ọlọ́run jẹ́ ká bá wọn láyé, kí wọ́n sì bá wa. Àmín.

Ọmọ Ìkòròdú, London:
Àmín, ẹ̀gbọ́n. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ara wọn ti balẹ̀, wọ́n ní bí fóònù tuntun bá máa wá, kí YouTube wà lórí rẹ̀ fún ìwàásù. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni àwọn ìpolówó áàpù ayánilówó tó máa ń jáde níbẹ̀, àwọn tó máa ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, tí wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí ẹbí bí owó bá pẹ́. Ta ló mọ bí a ṣe lè dí Play Store kí Màmá má lè gba áàpù tuntun sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ kan gbọ́ sí i? Ẹ dáhùn kí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lẹ̀, nítorí pé ìdájí ni àbúrò mi ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.